Ìbọn ní ọdún 17, ṣọ́jà ní ọdún 18: ohun tí òfin sọ nípa ọjọ́ orí àti ìbọn

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan ní Challenge, níbí ní Ìbàdàn, bí àpẹẹrẹ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 17, ó ti ṣe WAEC tán, iṣẹ́ ṣọ́jà ló wù ú. Ó lọ sí káfè, ó fẹ́ kún fọ́ọ̀mù iṣẹ́ ológun lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ni wọ́n bá ní ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì tó. Lọ́jọ́ kan náà, bàbá bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ọdẹ ní apá Ìbàràpá tẹ̀ ẹ́ láago pé agbára òun ti ń dínkù, kó máa bọ̀ wá gba ìbọn òun. Ọmọ wá kọjú sí ìyá rẹ̀, ó ń béèrè èwo gan-an ni òfin gbà nínú méjèèjì.

Ìdáhùn ìbéèrè yìí máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Nínú ìwé òfin Nàìjíríà, ọmọ ọdún 17 ti tó ẹni tó lè béèrè fún ìwé àṣẹ ìbọn, ṣùgbọ́n kò tíì tó ẹni tí ìjọba lè gbà síṣẹ́ ṣọ́jà. Ó di ọdún 18 kí ìyẹn tó ṣeé ṣe. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá léèrè nínú ọkọ̀ tó ń ti Dùgbẹ̀ lọ sí Ring Road, mo lérò pé mẹ́sàn-án ló máa sọ pé òdìkejì ló yẹ kó jẹ́. Ní Amẹ́ríkà, òdìkejì náà ni. A máa dé orí ìyẹn láìpẹ́.

Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gbéra lọ gba ìbọn bàbá àgbà, ẹ jẹ́ ká tú ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa, torí ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó bá ṣì í gbọ́.

Òfin ìbọn ti wà kí òmìnira tó dé

Òfin tó de ìbọn lórílẹ̀-èdè yìí ni wọ́n ń pè ní Firearms Act. Ìjọba amúnisìn ló ṣe é, ọdún 1959 ló sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tó ku ọdún kan ká gba òmìnira. Òun náà la ṣì ń lò. Ẹ máa rí i nínú àkójọpọ̀ òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2004, lábẹ́ àmì F28.

Abala 7 nínú òfin yìí ló ka àwọn tí wọn kò gbọdọ̀ fún níwèé àṣẹ. Ẹni àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀ ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 17. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó ẹni tí ń lo ìbọn, ẹni tí ọtí àti àṣejù ti di bárakú fún, àti ẹni tí kóòtù ti dá lẹ́bi ìwà ipá tàbí ìhalẹ̀ láàárín ọdún 5 sẹ́yìn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ 17? Ẹni tó bá mọ òfin àwọn ọmọdé tí ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀ á tètè lóye. Òfin yẹn pín àwọn ọmọ sọ́nà méjì: ẹni tí kò tíì pé 14 ni ọmọdé, ẹni tó ti pé 14 ṣùgbọ́n tí kò tíì pé 17 ni ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ti lé ní 17, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àgbà nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, ọdún 17 ni òfin wọn ń lò nígbà náà fún ẹni tó bá fẹ́ ra ìbọn. Ó jọ pé ibẹ̀ la ti rí tiwa. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ òfin sún lọ sí 18 nílẹ̀ yìí: ìdìbò di 18, ìwé ìwakọ̀ di 18, iṣẹ́ ọlọ́pàá di 18. Òfin ìbọn ò kúrò lójú kan. Ẹni tí kò lè dìbò yan káńsẹ́lọ̀ ní Agbowó lè kọ̀wé béèrè ìbọn. Tèmi ni pé àwọn aṣòfin ti gbàgbé ẹyọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀ ni, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni jókòó rò ó tí ó sì rí i pé ó dára.

Kì í ṣe gbogbo ìbọn ni ọdún 17 kàn

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Òfin pín ìbọn sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ọjọ́ orí kò sì já mọ́ nǹkan kan nínú ìsọ̀rí àkọ́kọ́.

Ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni àwọn ìbọn tí òfin kà léèwọ̀: àgbá ńlá, bọ́ǹbù, ìbọn arọ̀jò ọta, ìbọn tí àwọn ológun ń lò, àti gbogbo ìbọn ìlewọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ìbọn ìlewọ́ wà níbẹ̀, èyí tí àwọn kan máa ń rò pé tówó bá ti wà lọ́wọ́, wọ́n lè fi há ìbàdí. Ààrẹ orílẹ̀-èdè nìkan ni òfin fún lágbára láti fọwọ́ sí ìwé àṣẹ irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 17, ẹni ọdún 70, bákan náà ni wọ́n rí níwájú ìsọ̀rí yìí.

Ìsọ̀rí kejì ni ìbọn àdáni. Ìbọn ọdẹ olójú kan tàbí olójú méjì tí wọ́n ń fi ọwọ́ ki ọta sí ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n fi ń ṣeré ìdárayá, àti ìbọn afẹ́fẹ́ pàápàá, irú èyí tí àwọn ọmọ kan ní Bódìjà fi ń yìn ẹyẹ lórí igi máńgòrò. Àwọn òbí ò kà á sí ìbọn, òfin kà á sí ìbọn. (Rọ́bà tí a fi ń ta òkò sí ẹyẹ nígbà tiwa kò sí nínú ìwé kankan o, ẹ fọkàn balẹ̀.) Ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá pátápátá ló ní agbára láti fúnni níwèé àṣẹ ìsọ̀rí yìí. Ẹ sì kíyè sí i: òfin yọ ìbọn ọdẹ tó ń fúnra rẹ̀ ki ọta kúrò nínú ìbọn àdáni, ó sì yọ èyí tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń fà kí ọta míì lè wọlé. Èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní pump action nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé e káàkiri rò pé ìbọn ọdẹ lásán ni.

Ìsọ̀rí kẹta ni ìbọn ṣakabùlà, èyí tí wọ́n ń da ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ìbọn àwọn ọdẹ wa nìyí. Torí pé alágbẹ̀dẹ ló ń rọ ọ́, tó sì ti wà nínú ilé láti ayé bàbá ńlá, àwọn èèyàn rò pé kò nílò ìwé. Ó nílò ìwé. Abala 5 òfin náà sọ ọ́ kedere.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí kò yẹ ká fò dá. Pípé ọdún 17 kò sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fún èèyàn ní ìwé àṣẹ. Ó kàn sọ pé wọn ò ní tìtorí ọjọ́ orí nìkan lé e padà ni. Ọlọ́pàá lè wo ọmọ náà lókè wo ó nílẹ̀, kí wọ́n sọ pé àwọn ò fún un.

Ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìníwèé ńkọ́? Òfin tó de ìdigunjalè àti ìbọn, Robbery and Firearms Act, sọ pé owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà (₦20,000) tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún yẹn tàn yín jẹ, ọdún 10 yẹn ni kí ẹ wò.

Lápá ti ṣọ́jà

Nílé iṣẹ́ ológun, nǹkan ti yàtọ̀. Òfin àwọn ológun, Armed Forces Act, tó kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí àṣẹ nọ́ńbà 105 lọ́dún 1993, sọ pé ẹni tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ológun gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ẹni náà ti pé ọdún 18. Nígbà tó di ọdún 2003, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé, Child Rights Act, fi ìṣó kàn án: abala 34 ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọmọdé sí ẹ̀ka iṣẹ́ ológun kankan, ìjọba sì gbọ́dọ̀ rí i pé ọmọdé kankan kò lọ́wọ́ nínú ogun. Ọmọdé nínú òfin yẹn ni ẹni tí kò tíì pé 18. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2006.

Nàìjíríà tún lọ fọwọ́ sí àdéhùn kan níwájú gbogbo ayé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé àdéhùn kan kalẹ̀ lọ́dún 2000 lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n ń kó lọ sógun. Lọ́dún 2012 ni ìjọba wa gbà á wọlé, tí wọ́n sì ṣèlérí pé ọdún 18 làwọn máa fi ṣe òdiwọ̀n. Ilẹ̀ Adúláwọ̀ náà ní ìwé ẹ̀tọ́ ọmọdé tirẹ̀ tó sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí ni ìdí tí ìpolówó iṣẹ́ ṣọ́jà fi máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 18. Ẹni tí kò níṣẹ́ ọwọ́, ọdún 18 sí 22 ni wọ́n máa ń béèrè. Ẹni tó ní iṣẹ́ ọwọ́ bíi mẹkáníìkì, wẹ́dà tàbí awakọ̀, wọ́n á gbà á títí dé 26. Ó kéré tán, ọkùnrin gbọ́dọ̀ ga tó mítà 1.68, obìnrin mítà 1.65, wọ́n sì máa ń béèrè pé kéèyàn yege nínú iṣẹ́ mẹ́rin ní WAEC tàbí NECO láàárín ìjókòó méjì. Fọ́ọ̀mù náà ò gba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ mú owó wá lábẹ́ afárá Mókọ́lá kóun lè fi orúkọ ọmọ yín wọlé, gbájú-ẹ̀ ni.

Àwọn èèyàn máa ń fi ohun méjì jà wá níyàn lórí ọdún 18 yìí. Àkọ́kọ́ ni NDA ní Kàdúná, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di ọ̀gá ṣọ́jà, tí ìpolówó rẹ̀ máa ń gba ọmọ ọdún 17. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọdún bíi márùn-ún ni ọmọ bẹ́ẹ̀ fi ń kàwé kó tó gba òye, ó ti ré kọjá 18 dáadáa kí wọ́n tó gbé ẹgbẹ́ ṣọ́jà lé e lọ́wọ́. Ìkejì ni iléèwé àwọn ológun ní Sàríà, Nigerian Military School, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1954 gẹ́gẹ́ bí Boys Company, tó ń mú àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àdéhùn àgbáyé tí a sọ lókè yẹn yọ iléèwé tí àwọn ológun ń darí sílẹ̀, ó ní ọmọ lè kàwé níbẹ̀. Ohun tó kọ̀ ni kí wọ́n gbé ọmọ náà lọ sójú ogun. Àwọn ọmọ tó ń lọ iléèwé Command ní Odogbo, nínú bárékè tí wọ́n sọ lórúkọ Adékúnlé Fájuyì lọ́nà Òjóò, ìyẹn tiẹ̀ tún yàtọ̀ pátápátá; akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni wọ́n.

Ìbọn ṣọ́jà kì í ṣe ti ṣọ́jà

Wàyí o, ṣé ohun kan náà ni níní ìbọn àti jíjẹ́ ṣọ́jà? Àwọn tó bá ní kí ọjọ́ orí méjèèjì dọ́gba máa ń sọ pé ẹni tó bá lè kú fún ilẹ̀ rẹ̀ yẹ kó lè ní ìbọn sílé. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ti ṣe iṣẹ́ ológun rí, wọ́n á sọ fún yín pé ìbọn tí àwọn gbé kì í ṣe tàwọn. Ilé ìkóbọnsí ló ń sùn. Tí wọ́n bá máa gbé e, wọ́n á buwọ́ lùwé, nọ́ńbà ìbọn náà á wà nínú ìwé, wọ́n á ka ọta tí wọ́n gbé jáde, wọ́n á sì kà á nígbà tó bá ń wọlé. Ẹyọ ọta kan ò gbọdọ̀ sọnù. Ọ̀gá wà lórí ọ̀gá. Ẹni tó bá yìnbọn níbi tí wọn ò ti ní kó yìn, kóòtù ológun ń dúró dè é. Lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìn tì, ọwọ́ òfo ló fi ń jáde ní bárékè; tó bá fẹ́ ìbọn lẹ́yìn ìyẹn, yóò lọ tò síbi tí gbogbo èèyàn ń tò sí.

Ìbọn tó wà nínú yàrá bàbá àgbà ò ní ẹni tó ń kà á. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, tàbí lókè àjà. Ọmọ tó bá bínú lóru, òun àti ìbọn nìkan ló wà níbẹ̀. Tí a bá fi ojú yìí wò ó, ìbọn ilé ló yẹ kó ní ọjọ́ orí tó ga jù, kì í ṣe ìbọn bárékè.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà míì wà láti gbà wò ó. Ṣọ́jà kì í yàn ibi tó ń lọ. Wọ́n á gbé e lọ sí Borno, wọ́n á ní kó pààyàn, wọ́n lè pa òun náà, kò sì lè sọ lọ́jọ́ kẹta pé òun ò ṣe mọ́. Ẹni tó máa fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ohun tó ń ṣe. Ọdẹ tó wọgbó lọ pa òkété lè padà sílé nígbà tó bá wù ú. Òfin ológun ń dáàbò bo ọmọ náà lọ́wọ́ ìjọba. Òfin ìbọn ń dáàbò bo àwa aládùúgbò lọ́wọ́ ẹni tó ní ìbọn. Ohun tí wọ́n ń ṣọ́ yàtọ̀, kò sì pọn dandan kí nọ́ńbà wọn bára mu. Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó lè ṣàlàyé fún mi ìdí tí ti ìbọn fi kéré jù níbí.

Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn ará wa tó wà ní Houston tàbí Chicago mọ̀ pé òfin tibẹ̀ lọ lọ́nà míì. Ọmọ ọdún 17 lè wọ iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà tí òbí rẹ̀ bá fọwọ́ sí i; tó bá ti pé 18, kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ láti ọdún 1968, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ní oníṣòwò tó níwèé àṣẹ kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìlewọ́ fún ẹni tí kò tíì pé ọdún 21. Ìbọn gígùn, ọdún 18. Ìyẹn ni pé ọmọ kan lè ti lọ sójú ogun, kó ti padà dé, kí oníṣọ́ọ̀bù tún sọ fún un pé kó lọ ṣe ọjọ́ ìbí kan sí i.

Ọ̀rọ̀ náà gbóná gan-an lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Parkland, Florida, ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2018, nígbà tí ọmọ ọdún 19 kan yìnbọn pa ẹni 17 níléèwé. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni Florida sún ọjọ́ orí rírà ìbọn gígùn sí 21. Lóṣù karùn-ún ọdún 2022, ọmọ ọdún 18 kan pa àwọn ọmọ 19 àti olùkọ́ 2 ní Uvalde, Texas. Ìjọba àpapọ̀ ò gbé ọjọ́ orí náà sókè lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n kàn fi ìwádìí kún ti ẹni tí kò tíì pé 21. Ní báyìí ó ti di ọ̀rọ̀ kóòtù. Lọ́dún 2025, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kan ní òfin ọdún 21 yẹn tako ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú, òmíràn ní kò tako ó.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fún wa ní òfin tún wá yàtọ̀ sí tiwa àti ti Amẹ́ríkà. Wọ́n ń gba ọmọ ọdún 16 síṣẹ́ ṣọ́jà bí òbí rẹ̀ bá gbà, wọ́n sì ń bú wọn lórí ẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n wọn kì í gbé e lọ sójú ìjà kó tó pé 18. Ọdún 17 tí wọ́n ń lò fún rírà ìbọn, èyí tí a jogún lọ́wọ́ wọn, àwọn fúnra wọn ti sún un sí 18 lọ́dún 2010. Oníǹkan ti pa á dà, àwa ṣì rọ̀ mọ́ ọn.

Ohun tójú ti rí nílẹ̀ yìí

Ìbàdàn kì í ṣe ìlú tí ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ àjèjì sí. Ibùdó ogun ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1829, àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ̀lé àwọn balógun ló sì sọ ọ́ di ńlá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ọjọ́ ìbí nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 dé 1893. Ẹni tó bá ti lè gbé ìbọn, ó ti tó ogun lọ. Nígbà Àgbẹ̀kọ̀yà lọ́dún 1968 àti 1969, ṣakabùlà inú oko ni wọ́n kó wọ Ìbàdàn, títí wọ́n fi já ẹ̀wọ̀n Agodi.

Ohun tó jẹ́ kí ayé fara mọ́ ọdún 18 kò jìnnà sí wa rárá. Láìbéríà àti Sàró ni. Àwọn ṣọ́jà wa tó lọ pẹ̀lú ECOMOG bá àwọn ọmọ tí kò tíì hu irùngbọ̀n pàdé pẹ̀lú AK-47. Nígbà tí kóòtù pàtàkì dá Charles Taylor lẹ́bi lọ́dún 2012, tí wọ́n sì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 50, kíkó àwọn ọmọ tí kò tíì pé 15 sógun wà nínú ẹ̀sùn náà. Ní Borno níhìn-ín, ẹgbẹ́ fijilanté tí wọ́n ń pè ní CJTF fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lóṣù kẹsàn-án ọdún 2017 pé àwọn máa tú àwọn ọmọdé inú wọn sílẹ̀, àwọn ò sì ní gba òmíràn. Ẹ rántí pé àwọn yẹn ń jà fún ìlú ni, wọn kì í ṣe Boko Haram. Ìfẹ́ láti dáàbò bo ilé ló kó ọmọdé sínú rẹ̀.

Ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á nìyí. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn ya wọ Ìgangan lóṣù kẹfà ọdún 2021, tí wọ́n pa èèyàn tí wọ́n sì dáná sunlé, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ìbàràpá àti Òkè-Ògùn ló ń sọ pé kò sí ọmọ ọkùnrin tí yóò máa sùn láìní ìbọn nítòsí mọ́. Ní Zamfara, lóṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà tiẹ̀ ní káwọn aráàlú lọ gba ìwé àṣẹ ìbọn, fọ́ọ̀mù 500 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ìlú ọba 19 tó wà níbẹ̀, kí ọ̀gá àgbà àwọn ológun tó ní rárá. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, ẹni tí wọn ò jó ilé rẹ̀ ló máa pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gómìnà kankan ò lágbára lórí rẹ̀. Nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, ọ̀rọ̀ ìbọn àti ọ̀rọ̀ ológun wà lára ohun tí ìjọba àpapọ̀ nìkan lè ṣòfin lé lórí. Ilé aṣòfin ní Agodi ò lè sún 17 sí 18, wọn ò sì lè sún un sí 15. Ìdí kan náà tí Àmọ̀tẹ́kùn, tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, fi ń bá Àbújá fa ọ̀rọ̀ irú ìbọn tó yẹ kí wọ́n gbé nìyẹn.

Kí ni ọmọ Challenge yẹn máa wá ṣe?

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Àkọ́kọ́, kó má lọ gba ìbọn náà. Ìwé àṣẹ, orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ ló wà fún. Bí bàbá àgbà bá níwèé, bàbá àgbà nìkan ló níwèé. Lọ́jọ́ tí ìbọn náà bá wà nínú bàgì ọmọ nínú ọkọ̀ tó ń ti Ìgbò-Ọrà bọ̀, ọmọ ló ń gbé ìbọn láìníwèé, ọlọ́pàá tó bá dá wọn dúró lójú ọ̀nà kò ní gbọ́ ìtàn ìdílé. Bí bàbá kò bá níwèé rí, èyí tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn, a jẹ́ pé àwọn méjèèjì ló wà nínú ẹ̀. Kí ìdílé pe lọ́yà tàbí kí wọ́n mú ọ̀rọ̀ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó sún mọ́ wọn kí wọ́n tó ṣí ìbọn náà nípò, kó máà jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e. Tí bàbá bá ti kú, ìbọn ò ṣeé pín bí ilẹ̀.

Kí ìdílé sì wo ẹ̀tù tó kù nínú ìgò lábẹ́ ibùsùn. Àwa tí a wà ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ohun abúgbàù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà bú gbàmù, tí dígí fọ́ níbi tó jìnnà síbẹ̀ gan-an, a mọ ohun tí nǹkan bẹ́ẹ̀ lè ṣe nínú ilé táwọn èèyàn ń sùn.

Ìkejì, kó má lọ sí Ìyágànkú lọ búra pé òun ti pé 18. Àwọn òbí kan máa ń ṣe é. Wọ́n á ní ọdún kan péré ni, kí ló dé. Ọjọ́ orí tí wọ́n fi pẹ̀lú ìbúra yẹn gbọ́dọ̀ bá NIN, ìwé ìbí àti ìwé WAEC rẹ̀ mu. Bí wọ́n bá rí i pé kò bára mu, kì í ṣe ọdún kan ló máa pàdánù, iṣẹ́ náà lápapọ̀ ni. Àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ló lè sọ bí ọjọ́ orí méjì ṣe ń yọni lẹ́nu.

Oṣù díẹ̀ ló kù tí yóò pé 18. Kó fi wo NIN rẹ̀ bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà níbẹ̀ tọ̀nà, torí àtúnṣe rẹ̀ máa ń pẹ́. Kó gba ìwé ìbí lọ́dọ̀ àjọ tó ń ka èèyàn, NPC, kó sì gba èsì WAEC rẹ̀ jáde. Bí iṣẹ́ kan bá ṣì kù tí kò yege, ààyè ìjókòó kejì wà. Kó máa sáré láàárọ̀, torí àwọn tó ń yẹ àwọn ọmọ wò máa ń mú wọn sáré gan-an. Tí wọ́n bá tún ṣí ìkànnì ìgbanisíṣẹ́ àwọn ṣọ́jà, òun fúnra rẹ̀ ni kó kún fọ́ọ̀mù náà, kó má gbé e fún ẹnikẹ́ni kún.